Ẹni Tí Ó Fi Iṣẹ́ Ilẹ̀ Sílẹ̀ Lọ Wo Ọ̀run: Ǹjẹ́ Ó Jẹ̀bi?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a wá fúnra wa. Wọ́n gbé e wá bá wa ní ilé kéú ni. Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Ẹlẹ́yẹlé, tí ó ń wa ọkọ̀ akérò láti ibí sí Dùgbẹ̀, wá bá wa lẹ́yìn irun Alaasari ní ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ́ náháwù lọ́dọ̀ wa, ó sì ń múra àtiṣe ìdánwò JAMB. Bàbá fẹ́ kí ó mú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà níbí ní Ẹlẹ́yẹlé, ọmọ lè máa ti ilé lọ, bí ó bá sì ṣe tán, kò ní pẹ́ ríṣẹ́. Ọmọ ní físíìsì ni òun fẹ́ kà, kí òun lè di onímọ̀ nípa ìràwọ̀. Bàbá ní: "Àfáà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. N kò bí ọmọ kí ó wá di awòràwọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti àwọn òyìnbó ni, ta ni yóò máa sanwó oṣù fún un pé ó ń wo òkè?"

A gbà láti bá a sọ̀rọ̀. Kí á má purọ́, ti bàbá ni a fẹ́ gbè. Àwa náà mọ ohun tí ojú ọmọ tálákà ń rí lẹ́yìn yunifásítì.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ "awòràwọ̀" yìí kúrò lọ́nà, nítorí òun ni ó ń dẹ́rù ba bàbá náà jù. Ní èdè Yorùbá wa, ẹni tí ń wo ìràwọ̀ láti sọ ohun tí ọ̀la yóò bí ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Tanjiimu ni ti ẹni tí ń fi ìràwọ̀ wo oríire àti oríburúkú ènìyàn, ìyẹn kò sì tọ́ sí mùsùlùmí. Ìlímúlì-fálákì ni ti ẹni tí ń ṣírò ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀. (Àwọn kan tí wọ́n ń wé láwàní bíi tiwa a sì máa béèrè orúkọ ìyá ènìyàn kí wọ́n lè bá a wá ìràwọ̀ rẹ̀. Bí bàbá bá fẹ́ bẹ̀rù awòràwọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.) Ìmọ̀ ìṣírò yìí ni wọ́n fi ń mọ àkókò irun àti ibi tí a ó kọjú sí. Ibn al-Shatir, tí ó kú ní 1375, iṣẹ́ ìṣírò àkókò ni ó ń ṣe ní mọ́sálásí ńlá ti Umayyad ní ìlú Damásíkù, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbogbo ayé mọ̀ ọ́n títí di òní. Al-Sufi kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìràwọ̀ ní 964, inú rẹ̀ ni ó ti dárúkọ kùrukùru kékeré kan ní ojú ọ̀run, èyí tí a wá mọ̀ lónìí pé agbo ìràwọ̀ ńlá Andromeda ni. Ní ìlú Aleppo, ní ayé Sayf al-Dawla tí ó jọba láti 945 sí 967, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní al-Ijliyya wà lára àwọn tí ń rọ asturlabu, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ibi tí ìràwọ̀ wà. Títí di òní, ọmọ kéú tí ó bá mọ̀ pé "rijl" ni ẹsẹ̀ ti mọ ìtumọ̀ orúkọ ìràwọ̀ Rigel kí olùkọ́ físíìsì rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Altair ni "at-ta'ir", èyí tí ń fò. Aldebaran ni "ad-dabaran", èyí tí ń tẹ̀lé. Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, a kò ní ẹjọ́ kankan láti bá ọmọ náà rò.

Ẹjọ́ tí ó kù ni ti jíjẹ àti mímu, àti òmíràn tí ó jù ú lọ, tí àwa fúnra wa kò rí tẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá jókòó níwájú wa, ó ní: "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín. Ọmọ Yorùbá ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Maggie Aderin-Pocock. Lẹ́yìn èyí, àwa náà lọ kà nípa rẹ̀, a sì rí i pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí obìnrin yìí sí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1968, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Ẹ̀bùnolúwa wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 18, ilé ìwé 13 ni ó ti lọ. Ó ní ìṣòro kan tí wọ́n ń pè ní dyslexia, tí kì í jẹ́ kí ìwé kíkà àti kíkọ rọrùn fún ènìyàn bí ọpọlọ rẹ̀ ti wù kí ó pé tó, nítorí náà ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń fi í sí. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ béèrè pé bí omi tí ó kún ihò sẹ̀ńtímítà kan níbùú, lóròó àti níjìn bá wọn gíráàmù kan, kí ni lítà omi kan yóò wọ̀n? Ó ronú, ó rí i pé kìlógíráàmù kan ni. Ó nawọ́. Nígbà tí ó wo ọ̀tún wo òsì, kò sí ẹlòmíràn tí ó nawọ́, ó sì fẹ́ gbé ọwọ́ tirẹ̀ wálẹ̀, nítorí ó rò pé òmùgọ̀ kíláàsì kò lè mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n kò mọ̀. Ó fi ọwọ́ sókè náà ni, ó sì gbà á. Nígbà tí ó wá sọ fún olùkọ́ kan pé òun fẹ́ lọ sí òfuurufú, olùkọ́ náà ní kí ó lọ ṣe nọ́ọ̀sì, pé sáyẹ́ǹsì ni ìyẹn náà.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti wo ojú wa. A ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba, Maggie lọ sí kíláàsì alẹ́ kan ní Camden níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn láti ṣe tẹlisíkópù, ìyẹn awò tí a fi ń wo ohun tó wà lókèèrè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi lọ dígí rẹ̀. Ó gba oyè físíìsì ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990, ó sì gba oyè dókítà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní 1994. Ẹ kíyè sí ohun tí ó fi gba oyè dókítà náà: kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Epo ni. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà láàárín irin méjì tí ń fara gbo ara wọn, irú èyí tí bàbá ọmọ yìí ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀. Láti 1996 sí 1999, ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lára iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni ṣíṣe irinṣẹ́ àfọwọ́gbé tí a fi ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ojú ogun.

Ní 1999, ó fi iṣẹ́ bọ́ǹbù sílẹ̀, ó bọ́ sí ìdí ìràwọ̀. Wọ́n ń ṣe irinṣẹ́ kan fún tẹlisíkópù Gemini South tí ó wà lórí òkè ní ilẹ̀ Chile, tí fífẹ̀ dígí rẹ̀ ju mítà 8 lọ. Iṣẹ́ irinṣẹ́ náà ni láti ya ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ oríṣiríṣi bí òṣùmàrè ṣe ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí a bá ti yà á, a ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn àwọ̀ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan a sì máa sọ ohun tí ó wà nínú ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Báyìí ni a fi mọ̀ pé irin wà nínú oòrùn, láìsí ẹni tí ó lọ bù ú wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣiṣẹ́ ní Astrium, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sátẹ́láìtì. Níbẹ̀ ni ó ti wà lára àwọn tí wọ́n ṣe NIRSpec, irú irinṣẹ́ òṣùmàrè bẹ́ẹ̀ náà, fún tẹlisíkópù James Webb.

Webb yìí ni a gbé lọ sí òfuurufú ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2021. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 14 ni ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Fífẹ̀ dígí rẹ̀ jẹ́ mítà 6.5, ẹ̀là 18 ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n sì fi wúrà bò ó. Ibi tí ó wà jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù kìlómítà kan àti ààbọ̀, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà òṣùpá. Nínú NIRSpec nìkan, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí a lè ṣí kí a sì tì lọ́kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 250,000, kí ó lè wo ohun tó lé ní 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ná wọn tó bílíọ̀nù 10 dọ́là.

Bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni a dá a dúró ní ibi bọ́ǹbù. Ẹ̀yin náà ẹ gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò. Obìnrin kan wà ní ìdí iṣẹ́ tí ó lè mú kí ọmọdé kan máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn ní ilẹ̀ tí ogun ti jà. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ ń ya ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Ṣé ó jẹ̀bi?

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé ó jẹ̀bi. A ní ìmọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ń jó kì í jókòó ka àwọ̀ iná. Ọmọbìnrin náà kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní: "Ẹ má bínú, Ùsítáàsì. Nígbà tí ẹ ń kọ́ wa ní náháwù, ṣé kò sí aláìsàn ní Ẹlẹ́yẹlé ni?"

A dákẹ́. A ní kí ó lọ, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ nípa farulu kifaya, ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo àwùjọ, tí ó jẹ́ pé bí àwọn tí ó tó bá ti dìde sí i, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Ìmáámù al-Ghazali ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ìṣírò mọ́ ọn. A ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí tó ọdún mélòó kan, a kò sì fi í yẹ ara wa wò rí. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ ni pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tí gbogbo àìní ayé wà lọ́rùn rẹ̀. Àwùjọ ni ó ń jẹ gbèsè náà. Bí a kò bá rí ẹni tí yóò wá bọ́ǹbù, gbogbo wa la jẹ̀bi, títí kan àwa olùkọ́ náháwù. Bí a bá sì rí wọn tó, ẹni tí ó kúrò láàárín wọn kò jẹ̀bi.

A tún rí ohun mìíràn tí ó kó ìtìjú bá wa díẹ̀. A kì í bi ẹni tí ń ta léèsì ní Gbági pé kí ló dé tí kò wá bọ́ǹbù. A kì í bi ẹni tí ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Ẹni tí ń wá ìmọ̀ nìkan ni a ń bi pé àǹfààní wo ni yóò ṣe fún tálákà, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, a ó tún bi í lẹ́ẹ̀mejì. Bílíọ̀nù 10 dọ́là pọ̀, a kò sọ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń náwó jù ú lọ sórí ìbọn wà, a kò sì gbọ́ kí bàbá kankan ní Ẹlẹ́yẹlé sọ pé kí ọmọ òun má wọṣẹ́ sójà nítorí owó tí wọ́n ń ná sí i.

Àwọn kan máa ń gbèjà irú iṣẹ́ yìí nípa sísọ pé àǹfààní yóò ti ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan. Àwa kò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn púpọ̀. Bí àǹfààní kò bá wá wá jáde ńkọ́? Ṣé ìmọ̀ náà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Òtítọ́ tí Ọlọ́hun fi sí ojú ọ̀run ní ẹ̀tọ́ lórí wa pé kí á mọ̀ ọ́n, yálà ó jẹ́ oúnjẹ tàbí kò jẹ́. Àlùkùránì pè wá síbẹ̀ ní ibi púpọ̀, kò sì sọ pé kí á kọ́kọ́ ṣírò èrè. Ohun tí a lè fi dá ara wa lójú ni pé a kò mọ èyí tí ó sún mọ́ àti èyí tí ó jìnnà. Ta ni ìbá wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń wọn epo láàárín irin, kí ó sọ pé ọ̀nà ìràwọ̀ ni ó wà yẹn?

Ẹ má wo Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Samuel Okoye, ọmọ Íbò tí ó kàwé ní yunifásítì tiwa níbí ní Ìbàdàn, lọ sí Cambridge, ó sì gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ fífi rédíò wo ojú ọ̀run ní 1965. Ní ọdún náà gan-an, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Antony Hewish, kọ̀wé jáde pé ohun kan wà nínú kùrukùru Crab tí ó kéré, tí agbára rédíò rẹ̀ sì pọ̀ lọ́nà tí kò yé ènìyàn. Wọ́n rí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí, wọn kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. Lẹ́yìn 1968 ni ayé tó mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ tí ń yí bí òkòtó ni, èyí tí wọ́n ń pè ní pulsar. Okoye padà wálé, ó dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ ní Nsukka ní 1972. Kì í ṣe ohun tí ó rí ni ó wú wa lórí jù. Ohun tí ó wú wa ni pé ó kọ ohun tí kò yé e sílẹ̀ láìfi àlàyé èké bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà wá, a kò bá a sọ ti bọ́ǹbù mọ́. A bi í bí ó bá mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ lójoojúmọ́, nítorí a ti wádìí rẹ̀. Ẹni tí ń fi Webb ṣiṣẹ́ kì í fi ojú wo inú rẹ̀. Ìwé ni yóò kọ́kọ́ kọ, pé báyìí ni ohun tí òun fẹ́ wò, ìdí rẹ̀ rèé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, 1,173 ni ó wọlé, àkókò tí gbogbo wọn ń béèrè sì tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ó wà nílẹ̀. Àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò kì í rí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹlisíkópù Hubble, wọn kò mọ̀ bóyá Musa ni tàbí Maggie, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹni ńlá tàbí akẹ́kọ̀ọ́. (Àwa tí a ń ṣètò ìdíje kíké Àlùkùránì lè kọ́gbọ́n níbẹ̀.) Bí wọ́n bá gbà á, nọ́ńbà ni yóò dé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì fi oṣù púpọ̀ bá nọ́ńbà jà. Ó pẹ́ jù, lẹ́yìn oṣù 12, gbogbo ayé ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wo nọ́ńbà yẹn kan náà, kí wọ́n sì sọ pé ó ṣìṣe. Ọmọdé tí ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ẹlẹ́yẹlé lè wò ó.

A sì sọ ti Hubble fún un. Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1990 ni wọ́n gbé e lọ sókè, dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.4. Nígbà tí ó máa fi àwòrán ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ṣe bàìbàì. Wọ́n ti lọ etí dígí náà ju bí ó ti yẹ lọ pẹ̀lú ohun tí kò ju ìdá kan nínú 50 irun orí lọ, nítorí pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni a tò sódì pẹ̀lú mìlímítà kan àti díẹ̀. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé irinṣẹ́ mìíràn ti fi àṣìṣe náà hàn wọ́n nígbà tí dígí ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní irinṣẹ́ yẹn kò péye tó ti àwọn, wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó di oṣù kejìlá ọdún 1993 kí àwọn ènìyàn tó gòkè lọ tún un ṣe. Webb kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí ó wà jìnnà ju ibi tí a lè rán ènìyàn lọ.

A bi ọmọ náà pé: "Bí o bá lo ọdún 20 lórí ilẹ̀kùn kékeré kan nínú irinṣẹ́ kan, tí ẹ̀rí wá fi hàn ní ọdún kọkàndínlógún pé ìwọ ni o ṣìṣe, ṣé wàá lè jẹ́wọ́ rẹ̀?"

Ó ronú. Ó ní: "N kò mọ̀, Ùsítáàsì."

Ìdáhùn yẹn ni ó mú kí a lọ bá bàbá rẹ̀. Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kíákíá, bóyá ìmọ̀ràn mìíràn ni à bá gbà á.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin. A sọ fún un pé físíìsì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọkọ̀ kan kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Pé ẹni tí ó ka físíìsì lè fi kọ́ ọmọ ènìyàn, kí ó sì jẹun. Pé ní Nsukka, físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀ jọ wà ní ẹ̀ka kan náà. Ó ní: "Bí kò bá ríṣẹ́ ńkọ́, Àfáà?" A kò ní ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òun ni ó ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ wa ọkọ̀, kì í ṣe àwa. A sọ fún un pé a ó máa fún ọmọ náà ní nǹkan díẹ̀ kí ó lè máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé kéú. Ó rẹ́rìn-ín sí iye tí a dá. Nígbẹ̀yìn, físíìsì ni wọ́n kọ sí ipò kìíní, nọ́ọ̀sì sí ipò kejì.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣaabani, a kó àwọn ọmọ lọ sí etí omi dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, èyí tí wọ́n ti sé láti 1942, kí a lè wo oṣù àwẹ̀. Bàbá náà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú bébà kan dání, ó ti ṣírò ibi tí oṣù yóò wà sí òkè omi àti ìṣẹ́jú tí yóò lò kí ó tó wọ̀ lẹ́yìn oòrùn. Ìkùukùu bo ibẹ̀. Àwọn kan ti ń dárí sínú ọkọ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan. Bàbá dúró níbi tí ó wà, ó bi ọmọ rẹ̀ pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo bébà.

"Mẹ́rìnlá, bàbá."

Bàbá kígbe sí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ pé: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò tí ì wọ̀."